Ṣé O Mọ̀? Bàbà Tó Ń Gbé Inú Ògiri

Nígbà òtútù kan, mo dé ilé àbúrò mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo bá ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó ń làágùn. Ojú ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí àbàwọ́n tíì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, àwọ̀ ewé sì ti ń yọ létí rẹ̀. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára omi lára bọ́ílà, tó yẹ kó dúró láàárín 1 sí 1.5, ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Púlọ́ḿbà tó wá bá wa tún un ṣe jẹ́ bàbá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú. Ó fi òòlù ṣí ojú ògiri náà díẹ̀díẹ̀, ó sì fi páìpù bàbà kan hàn wá tó wà níhòòhò nínú pílásítà. Ihò ara rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá náà mi orí, ó ní: “Ẹ wò ó, wọ́n sin ín láàyè, wọn ò sì fi aṣọ wé e.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ bàbà inú ògiri, ohun tí mo sì rí yà mí lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé omi ló ń mú ọ̀pọ̀ ilé móoru nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Bọ́ílà á mú omi gbóná dé nǹkan bíi dígírì 60 sí 80, ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa tì í kiri inú páìpù lọ sínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, tí wọ́n ń pè ní rédíétọ̀. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bàbà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn páìpù yìí, nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀, ó rọrùn láti jó pọ̀, kì í sì í dípẹtà bí irin. Àwọn tí kò fẹ́ kí àlejò máa rí páìpù ní pálọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ògiri láti fi pamọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní 4,400 ọdún tí wọ́n ti ń tẹ́ páìpù bàbà? Ní Abusir, nílẹ̀ Íjíbítì, nínú tẹ́ńpìlì Ọba Sahure, àwọn oníṣẹ́ lu bàbà títí ó fi fẹ́lẹ́, wọ́n ká a di páìpù, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta kí omi lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ó gùn ju 300 mítà lọ. Ludwig Borchardt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló wa ibẹ̀ jáde láàárín ọdún 1902 sí 1908, ó sì bá bàbà náà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Ifẹ̀ náà ti tọ́jú bàbà fún wa? Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti kan àwọn orí ère tí gbogbo ayé ń gbóṣùbà fún lónìí. Idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ó tó nǹkan bí 600 ọdún tí wọ́n ti rọ wọ́n, síbẹ̀ imú, ètè àti ìlà ojú wọn ṣì hàn ketekete. Bàbà kì í tètè kú nínú ilẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hun aṣọ tó ń wọ̀. Bí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin bá ti kàn án, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bo ojú rẹ̀, awọ yẹn á sì máa dáàbò bo ìyókù. Bí o bá rí bàbà tó jẹ nínú ògiri, nǹkan kan ló bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ara páìpù bàbà inú ògiri kò nípọn tó káàdì tí o fi ń gbowó lára ẹ̀rọ báǹkì? Páìpù tó wọ́pọ̀ jù nílé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní mìlímítà 15, ara rẹ̀ sì sábà máa ń nípọn ní mìlímítà 0.7 péré. Káàdì báǹkì nípọn ní 0.76. Ohun tí ère Ifẹ̀ lè fara dà, páìpù kò lè fara dà á.

Ṣé o mọ̀ pé sìmẹ́ńtì gan-an kọ́ ni olórí ọ̀tá bàbà? Sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ lè bá bàbà gbé pẹ́ láìjà. Ọ̀rinrin tó gbé nǹkan mìíràn dání ló ń pa á. Iyọ̀ wà nínú yanrìn òkun tí wọn kò fọ̀. Eérú èédú wà nínú búlọ́ọ̀kù dúdú tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí omi bá kan imí ọjọ́ inú eérú náà, ó di ásíìdì. Amóníà, èyí tó ń mú ìtọ̀ tó ti pẹ́ ta síni nímú, lè mú kí bàbà àti idẹ sán. Pílásítà funfun, ọmọ ìyá èyí tí àwọn oníṣẹ́ nílé ń pè ní P.O.P., kì í ṣe bàbà ní nǹkan kan bó bá gbẹ, àmọ́ bí òjò bá ń gba etí fèrèsé wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Nílé àbúrò mi, etí fèrèsé ni ògiri ti lanu.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rá tí púlọ́ḿbà fi ń pa orí páìpù kó tó jó o pọ̀ lè di májèlé fún páìpù náà? Iṣẹ́ ọ̀rá yìí ni láti jẹ ìdọ̀tí kúrò lójú bàbà kí ohun ìjópọ̀ lè mú un dáadáa. Bí wọn kò bá nù ún kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, kò ní dẹ́kun jíjẹ: ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ ń jẹ, bàbà ló kàn. Àkísà tútù àti ìṣẹ́jú kan péré ti tó láti dá a dúró.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n fi ya bàbà àti irin sọ́tọ̀ lára ère ńlá tó wà létí omi New York? Bàbà ni awọ ara ère Statue of Liberty, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1886. Ó nípọn ní mìlímítà 2.4, irin sì ni egungun rẹ̀. Bí irin àti bàbà bá fara kan ara wọn níbi tí omi wà, irin ló máa ń jẹ. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ́ aṣọ asbestos tí wọ́n rẹ sínú oje sáàárín wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, aṣọ náà gbó, irin dípẹtà, ó wú, ó sì fa àwọn ìṣó tó so bàbà mọ́ ọn tu. Nígbà tí wọ́n parí àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1986, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi rọ́pò àwọn ọ̀pá irin tó di bàbà náà mú, wọ́n sì fi Teflon ṣe aṣọ tuntun sáàárín. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó irin tàbí okùn irin de páìpù bàbà mọ́ inú ògiri. Èyí tí wọ́n fi ike tàbí bàbà ṣe ló yẹ ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé páìpù bàbà máa ń gùn sí i bí omi inú rẹ̀ bá gbóná? Bí páìpù tó gùn ní mítà 10 bá kúrò ní dígírì 10 tó sì dé 70, á fi nǹkan bíi mìlímítà 10 gùn sí i. Bó bá tutù, á súnkì padà. Ìró kẹ́, kẹ́, kẹ́ tí àwọn kan ń gbọ́ lóru lára ògiri, páìpù tó ń wá àyè láti na ara ni. Bí pílásítà bá dì í mú pinpin, bàbà á máa fi ara ha ògiri, ògiri á sì sán.

Ìdí nìyẹn tí aṣọ páìpù fi ní iṣẹ́ méjì: kó má jẹ́ kí ọ̀rinrin kan bàbà, kó sì fún un láyè láti mí. Páìpù wà tí wọ́n ti fi ike bò láti ilé iṣẹ́. Fóòmù wà tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Téèpù ọlọ́ràá sì wà, èyí tí bàbá púlọ́ḿbà fi wé páìpù tuntun nílé àbúrò mi. Ó nu páìpù náà gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìlà kejì gun ìdajì ìlà àkọ́kọ́, ó sì ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìyá tó ń tẹ ọ̀já ọmọ. Ó kì fóòmù bọ̀ ọ́ lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí o lè gbẹ́ ògiri dé ní òdiwọ̀n? Ìlànà ilé kíkọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ojú ọ̀nà tó dúró ṣánṣán kò gbọdọ̀ wọlé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ògiri lọ, èyí tó sì dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí búlọ́ọ̀kù bá nípọn ní mìlímítà 100, èyí tó dùbúlẹ̀ kò lè ju nǹkan bíi 16 lọ. Páìpù mìlímítà 15 kò tíì wọ aṣọ tí àyè ibẹ̀ fi tán. Ìwọ jẹ́ kí páìpù rẹ dúró ṣánṣán.

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá finá sí bàbà títí ó fi pọ́n, tí wọ́n wá tì í bọ omi, rírọ̀ ló máa ń rọ̀? Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò fún ọ̀bẹ máa ń le ni. Rírọ̀ yìí ló jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè tẹ páìpù kan ṣoṣo yí igun ògiri ká láìsí oríkèé kankan. Oríkèé ni omi sì ti sábà máa ń jò. Òfin páìpù omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní England àti Wales ní ọdún 1999 kò gbà kí wọ́n rì páìpù mọ́ inú ògiri láìsí àpò, ó sì ní kí oríkèé wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ọgbọ́n kan náà ló yẹ páìpù omi gbígbóná yìí.

Ṣé o mọ̀ pé odindi ìlú kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Ní Levittown, nítòsí New York, láàárín ọdún 1947 sí 1951, wọ́n kọ́ ilé tó lé ní 17,000, wọ́n sì rì páìpù bàbà mọ́ inú kọnkéré ilẹ̀ilé kí ẹsẹ̀ àwọn onílé lè máa móoru. Ó dùn mọ́ wọn púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́ ilẹ̀, àwọn tó fẹ́ rí ojú ibi tó ti ń jò sì ní láti fọ́ ilẹ̀ilé wọn. Ọ̀pọ̀ onílé kàn pa páìpù ìsàlẹ̀ tì, wọ́n sì gbé òmíràn gba orí ilẹ̀.

Bí ìwọ tàbí ẹbí rẹ bá ń kọ́lé tàbí tún un ṣe lókè òkun, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi pílásítà bo páìpù kí wọ́n tó fi omi dán an wò, kí agbára omi náà sì ju ti ojoojúmọ́ lọ. Fi fóònù rẹ ya fọ́tò ojú ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n, kí ẹni tó máa gbá ìṣó mọ́ ògiri lọ́dún mẹ́wàá sí i lè mọ ibi tí yóò yà fún. Ní Èkó àti Ìbàdàn náà, páìpù ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń gbẹ́ ògiri fún, bàbà kan náà ni. Kí o tó san owó oníṣẹ́, sọ fún un kó ṣí i hàn ọ́. Bí o bá rí i pé ìhòòhò ló wà, sọ fún un kó wọ̀ ọ́ láṣọ kó tó sin ín.