Awakọ̀ Hẹlikọ́pítà Tí Ń Gba Ẹ̀mí Là Lójú Ogun

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ akọni ogun, ẹni tí ó ṣẹ́gun ọ̀tá ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti pa ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ tí ìjọba fi àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ dá wọn lọ́lá. Àwọn ni awakọ̀ hẹlikọ́pítà tí ń kó àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Nínú ogun tí Amẹ́ríkà bá wọn jà ní Vietnam ni òkìkí wọn ti kàn jù.

Bí o bá ti rí hẹlikọ́pítà rí, o ó mọ̀ pé kò nílò pápá gígùn bí ti bàálù. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ń yí lórí rẹ̀ ni ó ń gbé e dìde, òun náà ni ó ń jẹ́ kí ó lè balẹ̀ sí àyè tóóró láàrin igbó. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ìbọn bà ti ń dà ni ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ewu iṣẹ́ náà pọ̀. Ariwo hẹlikọ́pítà ti kéde rẹ̀ fún ọ̀tá kí ó tó dé. Bí ó bá sì ń balẹ̀, kò lè sáré, kò sì ní ibi ìsápamọ́sí.

Wo àpẹẹrẹ Méjọ̀ Patrick Brady. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1968, kùrukùru bo àfonífojì tí ó fẹ́ wọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì ń fò jẹ́jẹ́, kí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè máa fẹ́ kùrukùru náà kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn èyí, ó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ibi tí ọ̀tá kò jìnnà ju 50 mítà lọ. Ìbọn ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tún ba òmíràn jẹ́. Hẹlikọ́pítà mẹ́ta ni ó lò ní ọjọ́ náà, ènìyàn 51 ni ó sì gbé jáde.

Ti Michael Novosel tún yani lẹ́nu. Ẹni ọdún 47 ni, ó sì ti fi ipò gíga sílẹ̀ kí ó lè ráyè wa hẹlikọ́pítà lójú ogun. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ọdún 1969, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìbọn ọ̀tá lé e sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń padà ṣáá. Nígbà tí ó ń gbé ẹni ìkẹyìn, ọta ìbọn bà á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kó o níjàánu. Ọmọ-ogun Gúúsù Vietnam 29 ni ó gbà là.

Ààrẹ Richard Nixon ni ó fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, Brady ní ọdún 1969, Novosel ní ọdún 1971. Má ṣe gbàgbé pé wọn kò dá iṣẹ́ náà ṣe: awakọ̀ kejì wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, olùtọ́jú aláìsàn sì wà níbẹ̀ tí ó ń di ojú ọgbẹ́ bí ọkọ̀ ti ń fò.

Àwọn àgbà ní ẹ̀mí ló jù. Nítorí náà, nígbà tí o bá tún gbọ́ tí a ń ka orúkọ àwọn akọni ogun, má ṣe béèrè kìkì iye àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun. Béèrè pẹ̀lú iye ọmọ ọlọ́mọ tí ó padà sílé nítorí wọn.