Kí ẹ tó fowó àjọ yín san fún àyẹ̀wò ọmọ ní London, ẹ gbọ́ èyí o!

Wàhálà ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ kì í ṣe kékeré fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹ wo ìyá Yorùbá kan ní Peckham, ní London, irú wọn pọ̀ níbẹ̀ bíi rẹ́rẹ́. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, kò tíì bọ́ bàtà tí fóònù ti dún. Tíṣà ọmọ ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méje náà tún ti sá jáde ní kíláàsì, ó ti àga ṣubú, wọ́n pè é títí, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí ìyá débẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ADHD, tàbí autism, tàbí méjèèjì pọ̀, kó lọ rí dókítà.

Bọ́rọ̀ ṣe dé Ìbàdàn lórí fóònù, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀. Ìyá àgbà ní bàbá ọmọ náà gan-an kò tètè sọ̀rọ̀ ní kékeré, ṣé kò wá di èèyàn ni? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní ìlú òyìnbó ló bà á jẹ́, kí wọ́n gbé e wálé, pàṣán máa tún un ṣe. Ẹlòmíì ní orí òkè àdúrà ló kàn. Àwọn kan tilẹ̀ ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ fún un mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló dà á lọ́pọlọ rú. Irọ́ gbuu! Èdè méjì kì í fa autism, kì í sì í fa ADHD. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ló yàtọ̀. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, kò sì lọ́wọ́ ayé nínú.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni ìlà tí wọ́n ń tò. NICE, ilé-iṣẹ́ tó ń la ìlànà sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní England, ti sọ ọ́ ní 2011 pé kí àyẹ̀wò autism bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 tí wọ́n bá ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́. Lójú ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dúró ju ọdún 1 lọ kó tó kàn wọ́n ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba. Ibẹ̀ nìyá náà ti rò ó pé kóun kúkú fowó àjọ tóun fẹ́ẹ́ kó san án lọ́dọ̀ aládàáni. Owó ńlá sì ni. Àyẹ̀wò kan lè ju £1,000 lọ, ti autism lè wọ £2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Kò burú kéèyàn sanwó. Èyí tó burú ni kéèyàn sanwó tán, kí ìwé tó gbà má wúlò. Àwọn NHS lè ní àyẹ̀wò náà kò bá ìlànà mu. Bó bá jẹ́ ADHD, tí ọmọ sì nílò oògùn, GP, dókítà àdúgbò, lè kọ̀ pé òun ò ní máa kọ oògùn aládàáni lórúkọ ìjọba. Oṣooṣù lòbí á wá máa sanwó. Àjọ mìíràn tún nìyẹn!

Nítorí náà, kí ìyá yìí tó fọwọ́ kan owó, ọ̀dọ̀ GP ni kó kọ́kọ́ yà sí. Ní England, ẹ̀tọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Right to Choose. Òbí lè sọ pé ilé ìwòsàn báyìí lòun fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ránṣẹ́ sí, kódà kó jẹ́ ti aládàáni, bó bá ṣáà ti ní àdéhùn pẹ̀lú NHS, tó sì ń gba ọmọdé. Bí GP bá gbà pé àyẹ̀wò yẹ ọmọ náà, ìjọba ló máa sanwó. Ìlà wà níbẹ̀ náà o, ṣùgbọ́n ó lè kúrú díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kò dé Scotland àti Wales.

Bó bá wá di dandan kó sanwó, kó kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, ta ló máa ṣe àyẹ̀wò náà? Orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ GMC, ti clinical psychologist gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ HCPC. Ọ̀fẹ́ ni wíwò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra o, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara ẹ̀ ní psychologist lásán níbẹ̀.

Ìkejì, ṣé wọ́n máa gbọ́ tẹnu ilé-ìwé, tí wọ́n á sì fojú ara wọn rí ọmọ náà? Ìlànà 2018 sọ pé fọ́ọ̀mù nìkan kò tó láti fi sọ pé ọmọ ní ADHD. Ti autism, ó yẹ kí onímọ̀ tó wò ó ju ẹyọ kan lọ.

Ìkẹta, ṣé ìwé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wà nínú owó náà, àbí wọ́n ṣì máa bù ú lé e?

Ìkẹrin, ṣé GP máa gba oògùn náà ṣe? Kó gba èsì yẹn sínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Láàárín ìgbà tó ń dúró, kí ilé-ìwé má ṣe sọ pé àwọn ń retí ìwé dókítà. Lábẹ́ òfin 2014, ohun tí ọmọ nílò ni wọ́n ń wò. Òbí lè kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò fún ìrànlọ́wọ́ ní ilé-ìwé, kódà bí dókítà kò bá tíì sọ nǹkan kan. Owó DLA fún ọmọdé náà kò di ìgbà tí dókítà bá fún àìlera náà lórúkọ. Àmọ́ ẹni tí físà ẹ̀ sọ pé kó má gba owó ìjọba, kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìrí lọ́yà.

Kí ìyá náà ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó ń rí sílẹ̀: ìgbà tọ́mọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń bí i nínú. Kó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò. Ìwọ̀nyí kò ní kó fọwọ́ kan owó àjọ.

Ní ti àwọn ará ilé tó ń pe pàṣán, kí wọ́n ní sùúrù. Ọmọ náà kò ya pòókìí. Ẹni tó máa mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lò ló ń wá. Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.