Iná Tí Ó Gba Ẹ̀bùn Nobel Wà Lórí Àtẹ ní Ìkọ̀tún

Ẹni tí ó bá gba ọjà Ìkọ̀tún kọjá lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀ yóò ṣàkíyèsí pé fìtílà elépo kẹrosíìnì, tí í máa rú èéfín dúdú sí ojú oníata àti sí ojú oníbàárà rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn. Iná kékeré kan tí ó funfun láúláú ni ó wà lórí àtẹ nísinsìnyí. Bátìrì ni ó ń gbé e ró, nígbà mìíràn oòrùn ọ̀sán ni ó sì ti fún bátìrì náà ní agbára. Oníata rà á, ó tàn án, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2014, ní ìlú Stockholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, a kéde ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì fún ọkùnrin mẹ́ta nítorí irú iná bẹ́ẹ̀.

Orúkọ wọn ni Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ilẹ̀ Japan sì ni a ti bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 1962 ni a ti ní èyí tí ń tan pupa nínú irú iná yìí, aláwọ̀ ewé sì tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ búlúù ni ó ṣòro. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láìsí búlúù, a kò lè rí funfun. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi wá a, tí ilé iṣẹ́ ńláńlá gbìyànjú tí wọ́n sì pa á tì. Akasaki, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nagoya, àti Amano tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, di ohun èlò kan mú tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ̀ sílẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Ní ti Nakamura, kì í ṣe ọmọ olú ìlú rárá. Yunifásítì tí ó wà ní agbègbè rẹ̀, ní Tokushima, ni ó lọ, ilé iṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀ náà ni ó sì ti tan búlúù tí ó mọ́lẹ̀ kedere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí a bá fi ohun kan tí ń yí ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ìyeyè bo búlúù náà, funfun ni ojú wa yóò rí.

Àwọn tí ó fún wọn ní ẹ̀bùn ṣe ìṣirò pé bí gílóòbù àtijọ́ bá lo wákàtí 1,000, tí iná ọlọ́pàá gígùn sì lo 10,000, iná tuntun yìí lè lo 100,000. Wọ́n ní yóò ṣe ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀ tí wáyà iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn ní àǹfààní. A kò mọ̀ bóyá wọ́n ka àwa tí wáyà dé ọ̀dọ̀ wa ṣùgbọ́n tí iná kì í sábà bá wáyà náà wá.

Ọdún márùn-ún ṣáájú èyí, ní 2009, ìdajì ẹ̀bùn kan náà bọ́ sọ́wọ́ Charles Kao, tí a bí ní Shanghai, tí ó kàwé ní Woolwich ní London. Ní ọdún 1966 ni òun àti George Hockham kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá lè sọ gíláàsì di mímọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú okùn gíláàsì tí ó tín-ín-rín bí irun orí rin ọ̀nà jíjìn, tòun ti ọ̀rọ̀ tí a dì mọ́ ọn. Ọdún 43 kọjá kí ẹ̀bùn tó dé. Nígbà tí yóò fi dé, àìsàn ti mú ìrántí baba náà lọ, ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀ ní Stockholm. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì, darí títẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun láti Portugal títí dé Èkó ní ọdún 2010. Nígbà tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn já lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà kò lè dá oníbàárà lóhùn, ni púpọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé owó wa kiri.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn wá nìyí. Ohun tí a fi ẹ̀bùn dá lọ́lá ní òkè òkun wà lórí àtẹ wa àti lábẹ́ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí, ọmọ tí ó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan gíláàsì onígun mẹ́rin àti abẹ́rẹ́ mẹ́rin ní ọjọ́ ìdánwò WAEC gan-an kò ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ olùkọ́, ẹfun àti pátákó nìkan ni mo fi kọ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ nínú gíláàsì. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin ti rí i rí?" Mo ní ó wà nínú ìwé. Ojú ṣì ń tì mí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ adúláwọ̀. Tebello Nyokong, ọmọ ilẹ̀ Lesotho, a máa da àgùntàn lónìí, a sì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́la nígbà èwe rẹ̀. Ní 2009, ọdún kan náà pẹ̀lú Kao, ó gba ẹ̀bùn L'Oréal àti UNESCO fún àwọn obìnrin nínú sáyẹ́ǹsì, nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí fífi ìmọ́lẹ̀ wo àrùn jẹjẹrẹ. Ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú ìlù àti àpò ìrẹsì, ẹ bi wọ́n pé ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni wọn yóò ra irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì fún, àti ní oṣù wo. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ níṣojú wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ mú ike omi tí ó mọ́ gaara, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ bu omi kún un. Ẹ ti fèrèsé kí yàrá ṣókùnkùn, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó dojú kọ ihò náà gan-an. Omi yóò máa tẹ̀ bí ó ti ń já bọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa bá a tẹ̀, nítorí pé bó ti ń kọlu ẹ̀gbẹ́ omi ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ó ń ta padà sínú. Ọmọ tí ó bá na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò bá ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí Kao fi gíláàsì ṣe kò yàtọ̀ sí èyí.

Ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ni Ọjọ́ Ìmọ́lẹ̀ káàkiri àgbáyé lọ́dọọdún, ní ìrántí ọjọ́ tí Theodore Maiman kọ́kọ́ tan iná lésà ní 1960. Olùkọ́ tí ó bá ṣe ìdánwò omi yìí lọ́jọ́ náà, ní Ìgándò tàbí níbòmíràn, kí ó kọ̀wé sí wa nípa ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ wí. A ó fi àyè sílẹ̀ fún un lójú ewé yìí.