Láti Sabon Gari dé Yokosuka

Ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà ní Ìbàdàn mọ Sábó. Láti 1916 ni àwọn Haúsá ti ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀, pẹ̀lú mọ́ṣáláṣí wọn, ọjà wọn àti Sàríkí wọn. Àwọn ni àlejò, àwa la nilé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn wọkọ̀ lọ sí Kánò ná, kó wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Sabon Gari ni wọn yóò júwe fún un, àdúgbò tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀ ní 1913 fún àwọn tí rélùwéè kó wá láti gúúsù. Ibẹ̀ ni yóò ti bá àwọn ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣòwò láti ayé bàbá wọn, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tí wọ́n sì ń sọ Haúsá bí ẹni ń mumi. Níbẹ̀, àwa ni àlejò.

Àlejò mìíràn ti gbé Kánò rí tí ìṣe tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ́gun ìlú yìí ní February 1903, wọn kò wọ inú odi lọ bá ará ìlú gbé. Nassarawa ni wọ́n tẹ̀ dó sí, lẹ́yìn odi, nínú ilé alágbàlá ńlá lábẹ́ igi. Nígbà tó yá, òfin wọn ní àlàfo 440 yáàdì gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé Òyìnbó àti ilé ọmọ ilẹ̀; wọ́n ní nítorí ibà ni. Ọmọ ilẹ̀ tó bá sùn mọ́jú níbẹ̀, kúkù ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí máìgádì. Òyìnbó lè lo ọdún gbọọrọ ní Kánò kó má mọ ọ̀nà ọjà Kurmi. Nassarawa GRA tí mo ti ń kọ èyí, tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè gbé lónìí, inú ètò yẹn ló ti ṣẹ̀ wá.

Ọ̀nà méjèèjì yìí náà ló wà níwájú ìdílé ṣọ́jà Amẹ́ríkà tí wọ́n bá gbé lọ sí Jàpáànù, mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ ti Sabon Gari.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń kan ilé wa. Nàìjíríà kò ní bárékè ní Jàpáànù. Ọmọ wa tó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni mò ń wí. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ lé ní 50,000, lábẹ́ àdéhùn ààbò tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí ní 1960, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kó ọkọ tàbí ìyàwó àti ọmọ dání. Ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà lè wọṣẹ́ náà kó tó di ọmọ ilẹ̀ wọn. Ní 2009 pàápàá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n pè ní MAVNI fún àlejò tó bá gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà nínú àwọn èdè náà, Haúsá àti Ìgbò náà wà níbẹ̀, kí wọ́n tó dá ètò náà dúró ní 2016. Bí ìyá kan ní Sabon Gari bá wá gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọkọ ọmọ òun láti Virginia lọ sí Yokosuka, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni.

Yokosuka wà létí òkun, kò jìnnà sí Tokyo. Ibẹ̀ ni George Washington, ọkọ̀ ogun ńlá tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà lé lórí, fi ṣe ilé. Nínú géètì ibùdó náà, Amẹ́ríkà lẹ wà. Dọ́là ni wọ́n fi ń rajà, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á fa àsíá sókè, orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà á dún, ti Jàpáànù á tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń rìn á dúró gbagidi, ọkọ̀ tó ń lọ á dúró. Ẹni tó bá ti gbé Bukavu Barracks ní Kánò yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Orúkọ ń sọ ìtàn níbẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ ní bárékè wa. Ní Congo ni Bukavu wà, níbi tí àwọn ṣọ́jà wa ti ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàárín 1960 sí 1964. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ibùdó Yokosuka ń jẹ́ Sullivans, orúkọ àwọn ọmọ ìyá márùn-ún tó bá ọkọ̀ ogun Juneau lọ ní November 1942, lẹ́yìn tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànù kọlù ú. Orí ilẹ̀ Jàpáànù kan náà ni àwọn ọmọdé ti ń kàwé lábẹ́ orúkọ yẹn lónìí. Àwa náà ní irú rẹ̀. Letmauk Barracks ní Ìbàdàn àti Arakan Barracks ní Apapa, ilẹ̀ Burma ni orúkọ wọn ti wá, níbi tí àwọn bàbá wa ti bá Jàpáànù jà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ní 1942. Ní March 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáànù bà á lẹ́bàá odò Kaladan, kò sì lè rìn mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí tó wà ní abúlé nítòsí ló fi í pamọ́, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ fi padà débẹ̀. Àlejò tí onílé gbà là ni bàbá yẹn. N kì í ronú nípa ọmọ Yorùbá tó ń gbé láàárín àwọn ará Jàpáànù lálàáfíà lónìí kí n má rántí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yàn fún ẹni tó bá kó ìdílé dání. Ènìyàn lè lo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú géètì yẹn kó má mọ orúkọ ará ìlú kan ṣoṣo. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì léwu. Nassarawa ayé àtijọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká jáde. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ará Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ wíwà, torí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn ní Jàpáànù, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà. Àwọn àgbà wa kò ní ka ìyẹn sí, nítorí ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà náà ń rìn títí di April 2, 1972. Òdìkejì tiwa ni erékùṣù Okinawa ṣe. Abẹ́ Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn ogun, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń rìn. Wọ́n dá a padà fún Jàpáànù ní May 15, 1972, nígbà tó sì di July 30, 1978, gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ òsì láàárín òru ọjọ́ kan. Ìdánwò wà tí ẹ óò ṣe nínú ibùdó kí ẹ tó gba láísẹ́ǹsì. Lẹ́tà Y yóò wà lára nọ́ḿbà ọkọ̀ yín, gbogbo ìlú á sì mọ ibi tí ẹ ti wá. Ẹ má fi ọtí dánra wò. Ẹni tó mu ún tó wakọ̀ jẹ̀bi, ẹni tó fún un mu jẹ̀bi, ẹni tó mọ̀ tó sì bá a jókòó nínú ọkọ̀ náà jẹ̀bi.

Tí wọ́n bá gbà yín láyè láti gba ilé nígboro, ẹ gbà á. Ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń gbé. Ibẹ̀ relẹ̀ díẹ̀ sí inú ilé, ẹ óò bọ́ bàtà síbẹ̀, ẹ óò kọjú rẹ̀ síta, kí ẹ tó gòkè. Ẹni tó ń wọlé Haúsá ní Kánò ti mọ̀ pé a kì í gbé bàtà gun ẹní. Ní ti ìwẹ̀, ẹ óò fi ọṣẹ wẹ̀, ẹ óò ṣan ara tán, kí ẹ tó wọ inú omi gbígbóná tó wà nínú ọpọ́n, torí omi kan náà ni gbogbo ilé yóò lò.

Ìkíni ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Nílé wa, aládùúgbò ló máa ń yà wá kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó kó dé ló ń lọ kí onílé. Ẹ ra táwẹ́ẹ̀lì kékeré tàbí ìpápánu tí wọ́n fi bébà tó dára wé, ẹ mú ọmọ dání, ẹ lọ sí ilé mẹ́ta tó kọjú sí yín àti ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì. Ẹ tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀bùn náà fún wọn, ẹ tẹrí ba, ẹ dárúkọ ara yín. Wọ́n lè má pè yín wọlé, ẹ má fi ṣe ìbínú; ojú ẹsẹ̀ ló ń parí. Ọmọ tí a kọ́ láti kékeré pé kó máa dọ̀bálẹ̀, kó máa kúnlẹ̀, títẹríba kò ní nira fún un.

Àǹfààní rẹ̀ kì í pẹ́ hàn, torí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nìkan tó ohun tí ènìyàn ń fẹ́ olùkọ́ fún. Èyí tó ń jóná ní ọjọ́ tirẹ̀, ike ní ọjọ́ tirẹ̀, agolo àti ìgò ní tiwọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ óò gbé e jáde, ẹ óò sì fi àwọ̀n bò ó kí kannakánná má baà fà á ya. Tí ẹ bá ṣì í ṣe, àwọn tó ń kó o á fi àpò yín sílẹ̀, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn lára, gbogbo àdúgbò á sì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìyá àgbà tó gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ yín á ti fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín kó tó dé bẹ̀.

Ọjà ni Sabon Gari ti kọ́ Haúsá, ẹ̀yin náà ẹ fi ọjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ owó kíkà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan, kí ẹ sì máa sọ ọ́ bó ti wù kó ṣẹ́. Ilá wà níbẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, nínú àpò àwọ̀n kékeré. Irú iṣu kan wà tí wọ́n máa ń rin ní tútù, tó máa ń fà bí ewédú, tí wọ́n ń dà sórí ìrẹsì. Ẹnu yín lè má tètè gbà á. Ní Okinawa, wọ́n ń fi ewúrẹ́ se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì mú yín rántí ilé. Tí ẹ bá nílò èlò ọbẹ̀ tiwa, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Ueno ní Tokyo, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ilé ọjà Ameyoko, níbi tí àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà ti ń wá nǹkan ilé wọn. Tí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ ronú sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ti ará ìlú. Láàárín ọdún kan, òun ni yóò máa túmọ̀ fún yín.

Bó bá jẹ́ Okinawa ni wọ́n gbé yín lọ, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ kún ẹrù yín. Erékùṣù yẹn kò ju 0.6% ilẹ̀ Jàpáànù lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 70% ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ibùdó Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀. Ibùdó Futenma wà láàárín ìlú Ginowan gan-an, ọkọ̀ òfuurufú sì ń fò kọjá lórí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ní August 13, 2004, hẹlikópítà ológun kan já lu ọgbà yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1995, ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́ta fipá bá ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá lò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará erékùṣù náà sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn. Ẹ óò rí àwọn arúgbó tó jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Ẹ má kà wọ́n sí ọ̀tá. Ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà Sabon Gari tó ṣì ń ròyìn rògbòdìyàn May 1953, nígbà tí ará àríwá àti ará gúúsù kọlu ara wọn ní Kánò, mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ìbínú bá pẹ́ nílẹ̀ láàárín àlejò àti onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó fa tiwọn yàtọ̀.

Nǹkan kan wà tí Kánò kò lè kọ́ wa, ìyẹn ni ilẹ̀ tó ń mì. Ẹ de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri. Ẹ fi bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ di omi, oúnjẹ gbígbẹ, oògùn àti àwọn ìwé pàtàkì sínú àpò kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá bẹ̀rẹ̀, abẹ́ tábìlì ni kí ẹ wọ̀, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú; ẹ má sáré jáde, torí ohun tó ń já bọ́ láti òkè ló ń pa ènìyàn. Ìjọba ìlú gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí òpó káàkiri àdúgbò. Lọ́pọ̀ ìlú, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orin kan á ti ibẹ̀ dún, àwọn ọmọdé á sì mọ̀ pé ó tó àkókò àtilọ sílé. Ẹni tó ti fi ìpè àdúrà mọ àkókò ní Kánò á tètè mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ń kéde ewu ìmìtìtì ilẹ̀ àti ti ìgbì òkun, èdè wọn ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́.

Ní March 11, 2011, ilẹ̀ mì dé ìwọ̀n 9.0, òkun ya wọ ìlú ní àríwá ìlà-oòrùn, iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà ní Fukushima sì bàjẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyàwó àti ọmọ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló fínnúfíndọ̀ wọ bàálù padà sílé. Ọ̀pọ̀ mìíràn dúró. Iṣẹ́ ojú omi kì í jẹ́ kí ọkọ wà nílé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún ni ọkọ̀ ogun Yokosuka máa ń fi wà lójú òkun, ìyàwó á sì wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bí gbohùngbohùn bá ké lóru, tí kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, aládùúgbò ni yóò wá kan ilẹ̀kùn, tí yóò fi ọwọ́ júwe òkè tí wọ́n ń sá lọ. Torí náà, ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá kó dé ni kí ẹ ti lọ kí wọn, kó tó di pé ọkọ̀ gbéra.