Ogun Jálumi lórí tábìlì: Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ Òkukù yóò wà?

Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Eré kan wà tí tọmọdé tàgbà ń ṣe lókè òkun, tó yẹ kí àwọn àgbà ilẹ̀ wa gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé ogun ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀.

Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ja ogun náà. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí kò ga ju oríkèé ìka méjì lọ, tí wọ́n fi ike tàbí irin ṣe, ni wọ́n ń tò síwájú ara wọn. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ọmọ ogun lè rìn dé. Dáìsì bíi ti lúdò ló ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó là.

Eré náà kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1824, ọ̀gá ológun kan ní Prussia, ìjọba tó wá di ara Jámánì, ìyẹn Georg von Reisswitz, gbé irú rẹ̀ jáde láti fi kọ́ àwọn ológun. Pupa ni wọ́n fi ń mọ apá kan, búlúù ni wọ́n fi ń mọ èkejì. Ní 1983 ni ilé-iṣẹ́ Games Workshop, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nottingham, gbé Warhammer jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè méjì ló máa ń dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọmọ ogun ta ni yóò kó jọ, àwọ̀ wo ni yóò sì kùn wọ́n? Owó ńlá lè ṣòfò bí ó bá ṣi yàn. Ẹni tó bá yan èyí tó ń borí lónìí lè kábàámọ̀, nítorí òfin eré a máa yí padà. Èyí tí ìtàn rẹ̀ wu ènìyàn ló dára jù, nítorí ó lè tó ọgọ́rùn-ún tí yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àwọ̀, méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Kí ó kọ́kọ́ kun ẹyọ kan, kí ó gbé e jìnnà díẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó hàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nì, Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, mọ àṣírí yìí. Dúdú, pupa àti funfun ló fi kun àwọn ère kéékèèké rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá rí wọn mọ ọba yàtọ̀ sí òyìnbó.

Àwọn kan kì í fi ogun àròsọ ṣeré, ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n ń tò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan Òkukù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà ní agbègbè Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ló ṣáájú Ìbàdàn. Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló wà lódì kejì. Ìbàdàn ló ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá sì kú sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní Jálumi.

Ẹni tó bá yan Ìlọrin yóò kun ẹṣin púpọ̀, owó rẹ̀ yóò sì pọ̀. Ẹni tó bá yan Ìbàdàn yóò kun ẹlẹ́sẹ̀ àti ìbọn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ní yunifọ́ọ̀mù. Bí a bá kun aṣọ aró fún tọ̀tún tòsì, ta ni yóò mọ ọ̀tá? Etí pèpéle kékeré tí ọmọ ogun dúró lé ni kí wọ́n kùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Apá kẹta wà tí eré náà kì í kà sí: àwọn tí kò gbé ohun ìjà. Ìtàn sọ pé àwọn ará Òkukù kó ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sá lọ sí Ìkìrun. Ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter tú àgọ́ Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká, ni àlàáfíà tó padà sí agbègbè náà. Orílẹ̀ tí oríkì wọn ń dún ní Òkukù títí dòní kò yan apá bí ẹni yan aṣọ lọ́jà. Ibi tí ogun lé wọn dé ni wọ́n dúró sí.

Nítorí náà, ọmọ Òkukù tó bá fẹ́ to Jálumi sórí tábìlì, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè. Lẹ́yìn náà, kí ó to ìyá tó pọnmọ àti bàbá tó rẹrù sí etí odò Ọ̀tìn, kí ó sì fi í ṣòfin pé ẹni tó bá lé wọn sínú omi ti pàdánù, bó ti wù kí ọmọ ogun tó pa pọ̀ tó.