Ẹrẹ̀ Abẹ́ Ajah

Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní Ajah tàbí Sangotedo nílùú Èkó, ẹ dúró wo ohun tí páìpù ń pọ̀ jáde. Yanrìn ló sábà máa ń ṣíwájú. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú á tẹ̀ lé e, òun àti òórùn rẹ̀, pẹ̀lú igi jíjẹrà. Àwọn agbẹ́kànga á ní kí wọ́n kó o dànù, omi làwọn ń wá. Éjẹ́ǹtì tó ta ilẹ̀ náà ní "ilẹ̀ gbígbẹ" kì í sí nítòsí lọ́jọ́ náà.

Irú ẹrẹ̀ yẹn làwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wá kiri. Àkọsílẹ̀ òjò àti ooru ìlú Èkó kò tíì pé igba ọdún, ẹrẹ̀ sì ti ń kó nǹkan jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó níyì jù nínú ohun tó kó jọ ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Atẹ́gùn á gbé e sínú irà, kò sì ní jẹrà, torí èèpo rẹ̀ yi. Ti ọ̀pẹ ò jọ ti ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀, ti ẹ̀gbà ò sì jọ ti koríko ọ̀dàn. Lọ́dún 1916 ni Lennart von Post, ará Sweden, fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè kà á láti ìpele dé ìpele, kí wọ́n fi mọ igbó tó wà níbẹ̀ rí, kí igbó sì sọ irú ojú ọjọ́ tó wà nígbà náà.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á fa ẹrẹ̀ yọ láìjẹ́ kí tòkè dà pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ásíìdì jẹ yanrìn inú rẹ̀ kúrò. Lẹ́búlẹ́bú tó bá kù, wọ́n á kà á lẹ́yọ lẹ́yọ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kábọ́ọ̀nù inú ẹrẹ̀ náà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé wa. Nínú ẹrẹ̀ mítà 11 tí wọ́n fà ní Ahanve, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ẹ̀gbà ló kún ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, ó pòórá. Ẹrẹ̀ ẹnu odò Ọya tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti yẹ̀ wò ṣáájú fi hàn pé ọ̀pẹ ya jáde lójijì ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ṣówùnmí ní iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá ló ṣí igbó sílẹ̀ fún ọ̀pẹ. Lójú tèmi, ọ̀dá lè ṣílẹ̀kùn kí àgbẹ̀ gbabẹ̀ wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Lẹ́kì lónìí máa jìyà díẹ̀. Dírẹ́jà ti fa yanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà dà sórí irà, ó gbé ti àtijọ́ ka orí tòní, kò sì sẹ́ni tó lè to ìpele yẹn padà. Irà tí wọn ò tíì dí ló kù fún un, bíi ti inú ọgbà Lekki Conservation Centre.