Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fort Bend, oko ìrèké àti Ken Hall

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Sugar Land àti Richmond, lẹ́bàá Houston, oko ìrèké àti òwú ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1837 ni wọ́n dá Fort Bend County sílẹ̀, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló sì ń ro oko náà. Nígbà tí oko ẹrú parí, ìjọba Texas bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹlẹ́wọ̀n háyà fún àwọn olóko. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Lọ́dún 2018, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-ìwé ní Sugar Land, wọ́n rí egungun èèyàn 95, irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀, nínú ilẹ̀.

Ìlú Sugar Land yìí kan náà ni Ken Hall ti di olókìkí nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé sáré (kì í ṣe tiwa tí à ń fẹsẹ̀ gbá o). Láti 1950 sí 1953, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré ní yáàdì 11,232 fún Sugar Land High School, ó lé ní máìlì mẹ́fà! Ó di 2012 kí Derrick Henry, akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Florida, tó kọjá iye yáàdì yẹn.

Ní yunifásítì Texas A&M, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ Hall àti kóòṣì Bear Bryant kò wọ̀, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, yunifásítì náà ló pàdánù. Lọ́dún 1960, Hall ṣeré fún Houston Oilers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń gba owó.

Ẹ sọ ìtàn méjèèjì fún àwọn ọmọ yín tó ń lọ sílé-ìwé níbẹ̀.